Ọmọ Tí Kò Jẹ́ Kí Ilé Sùn

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 2:1-10, Jákọ́bù 1:27

Nígbà tí ọmọbìnrin Fáráò ṣí agbọ̀n tí wọ́n bá fún un létí odò, ọmọ inú rẹ̀ ń sunkún. Ẹkún yẹn ni ó mú àánú ṣe é. Ó mọ̀ pé ọmọ Hébérù ni, ó sì mọ àṣẹ tí bàbá òun pa lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò dá a padà sínú omi.

Ní ilẹ̀ Íjíbítì kan náà, nítòsí odò Náílì kan náà, ọmọ mìíràn tún sunkún ní ọdún 1911. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, àti ti obìnrin tí ó gbà á, ni kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Lillian Trasher ni orúkọ obìnrin náà. Ìlú Jacksonville, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí i sí ní ọdún 1887. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní North Carolina. Ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú oníwàásù kan kù ọjọ́ mẹ́wàá péré nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu míṣọ́nnárì kan, ó sì dá a lójú pé Áfíríkà ni Ọlọ́run ń rán òun lọ. Ó fi ìgbéyàwó náà sílẹ̀. Nígbà tí ó ṣí Bíbélì rẹ̀, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 7:34 ni ojú rẹ̀ bọ́ sí, níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún Mósè pé òun ti rí ìpọ́njú àwọn ènìyàn òun, òun yóò sì rán an sí Íjíbítì. Ní 1910, òun àti Jennie arábìnrin rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kò pẹ́ tí ó dé ìlú Asyut ni wọ́n wá pè é sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ń kú lọ. Ọmọ ọwọ́ obìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàrà tí ó ti bàjẹ́ nínú agolo ni ọmọ náà ń mu. Ìyá kú, Lillian sì gbé ọmọ náà lọ sílé àwọn míṣọ́nnárì. Ebi àti àìsàn ti jẹ ọmọ náà lára, nítorí náà ó ń sunkún ṣáá. Òru lẹ́yìn òru, kò sí ẹni tí ó sùn. Níkẹyìn, olórí wọn ní kí ó dá ọmọ náà padà.

Ẹ má ṣe yára dá àwọn ará wọ̀nyí lẹ́bi. Ìwàásù ni wọ́n bá wá, ó sì yẹ kí oníwàásù sùn. Ṣùgbọ́n ta ni a fẹ́ dá ọmọ òrukàn padà fún? Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì, 1911, Lillian gba ilé kan fúnra rẹ̀, ó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká, ó sì kó lọ. Bí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Asyut ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kò sí owó oṣù tí ń wọlé. Ó ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti abúlé dé abúlé, ó ń tọrọ ọkà àti ohunkóhun tí ará Íjíbítì bá lè yọ̀ǹda, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí. Ìdílé tí kò lówó pàápàá kò jẹ́ kí ó lọ lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i, ó sì tún gba àwọn opó mọ́ra. Ní 1933, nígbà tí awuyewuye dé lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, ìjọba kó àwọn ọmọ Mùsùlùmí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dùn ún bí ìyá tí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn. Ní 1941, nígbà ogun àgbáyé, aṣọ tán nílé náà. Ọkọ̀ tí ń kó ẹrù ìrànlọ́wọ́ Red Cross lọ sí ilẹ̀ Gíríìsì kò lè dé ibẹ̀ mọ́, Alexandria ni ó já ẹrù sí, àwọn ọmọ Asyut sì rí aṣọ wọ̀.

Ọdún 50 ni ó fi ṣe é. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n Mama ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, 1961, àwọn ọmọ tí ó wà nílé náà lé ní 1,000. Asyut ni wọ́n sin ín sí, ilé náà sì ń bẹ títí dòní.

Arákùnrin, arábìnrin mi, mo mọ̀ pé ìjọ wa ń ṣe dáadáa nígbà Kérésìmesì. A ń ru ìrẹsì àti bisikíìtì lọ sílé àwọn aláìlóbìí, a ń ya fọ́tò, a sì ń padà sílé lọ sùn. Ó dára, ẹ má ṣe jáwọ́. Ṣùgbọ́n Jákọ́bù ní bíbójútó aláìníbaba àti opó nínú ìpọ́njú wọn wà lára ìsìn mímọ́ níwájú Ọlọ́run. Ìpọ́njú ọmọ kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó ń sunkún lóru, ó ń ṣàìsàn, ó ń tọ̀ sórí ẹní, ó ń béèrè owó ilé ìwé.

Òrukàn mìíràn kò sì jìnnà rárá. Ọmọ àbúrò rẹ tí ó kú, tí o mú sọ́dọ̀, báwo ni ó ṣe ń gbé? Ṣé òun ni ó ń pọnmi nígbà tí àwọn tìrẹ ń múra ilé ìwé? Ṣé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni oúnjẹ tirẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Ìwọ ń kọ́? Ǹjẹ́ o wà nínú igba náà?

Ọmọbìnrin Fáráò ṣèlérí owó iṣẹ́ fún ẹni tí yóò bá a tọ́ Mósè. Ọlọ́run tí Orin Dáfídì 68:5 pè ní Bàbá àwọn aláìníbaba kò ní jẹ ọ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ gba ọmọ náà.

Àdúrà: Bàbá àwọn aláìníbaba, fún mi ní etí tí ń gbọ́ ẹkún ọmọ, àti ọwọ́ tí kò ní dá a padà. Ran àwọn tí ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè àti nílé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.