Ọ̀bẹ Wo Ló Yẹ Ká Mú Lọ Pàgọ́?

 Bí sọ́mà bá ti dé, tílé ìwé ti gba ìsinmi, àwọn ọmọ wa kì í jẹ́ ká sinmi mọ́: "Daddy, ẹ jẹ́ ká lọ camping." Àwa tí bàbá wa ń lù ká tó tẹ̀ lé wọn lọ sóko, ọmọ tiwa ló ń bẹ̀ wá ká lọ sùn nínú igbó!

Lọ́dún tó kọjá, a lọ sí Red Top Mountain, létí adágún Allatoona. Ìyá wọn di oúnjẹ, èmi ni kí n mú ọ̀bẹ. Mo wọ kíṣìnnì, mo fa ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran ewúrẹ́ yọ, mo fi ìwé ìròyìn wé e, ó parí. Nígbà tá a débẹ̀, igi ìdáná wa ti tóbi jù, kò gbiná. Mo gbé ọ̀bẹ lé e lórí, mo ń fi igi mìíràn lù ú lẹ́yìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, èèkù wà lọ́wọ́ mi, irin wà nínú igi. Ọmọ mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá tí kò fò bá ẹnikẹ́ni lójú.

Òyìnbó àgbàlagbà kan tó pàgọ́ sítòsí wa ló yá mi ní tiẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré ni, àmọ́ ìlù mélòó kan, igi là. Mo wò ó dáadáa. Irin rẹ̀ nípọn, ó sì gba inú èèkù kọjá dé ìdí. Full tang ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè nìyẹn. Ọ̀bẹ tó ń ká sínú àpò dára fún èso bíbó, àmọ́ oríkèé rẹ̀ ni ibi tó ti lẹ, iyẹ̀pẹ̀ ń wọ ibẹ̀, ó sì lè pa dé mọ́ni níka.

Íǹṣì 4 sí 5 ti tó ní gígùn, kó nípọn tó mìlímítà 3 tàbí 4. Èyí tó gùn bíi ti fíìmù, tó ní eyín bí ayùn lẹ́yìn, fáàrí lásán ni. Bí igbó bá pọ̀, àdá ni kẹ́ ẹ mú.

Ọ̀rọ̀ irin ló máa ń da èèyàn lójú rú. Carbon steel rọrùn láti pọ́n. Bí igun ẹ̀yìn rẹ̀ bá mú, ẹ lè fi ha ọ̀pá tó ń ta iná, kó ta pàrà. Ó sún mọ́ ohun táwọn alágbẹ̀dẹ nílé ń fi sípíríìnì ọkọ̀ rọ. Àmọ́ afẹ́fẹ́ Georgia ní ọ̀rinrin. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìnù, láìfi òróró pa á, kíá ló máa dógùn-ún. Stainless kì í tètè dógùn-ún. Nítorí mo mọ àwọn ọmọ mi, òun ni mo rà. Morakniv ti Sweden ń ṣe oríṣi méjèèjì, kì í sì í wọ́n. Ṣùgbọ́n irin Companion wọn kò dé ìdí èèkù, nítorí náà ẹ má fi la gẹdú.

Ẹ fọwọ́ kan èèkù náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Kó má yọ̀ bí omi bá kàn án, kó sì ní ohun tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lọ sójú ọ̀bẹ. Ẹ da àkọ̀ rẹ̀ dojú kodò, kẹ́ ẹ mì í. Bí ọ̀bẹ bá já bọ́, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí oríṣiríṣi, ìpàtẹ Blade Show máa ń wáyé ní Atlanta níbí lóṣù kẹfà, àwọn alágbẹ̀dẹ fúnra wọn ló sì ń tajà níbẹ̀.

Ibi tó dẹ́rù bà mí ló kù. Ilé ìwé máa ń wọlé níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ níhìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, mo ní kí n yẹ báàgì ọmọ mi wò. Àṣé báàgì yẹn náà ló gbé lọ pàgọ́! Abẹ́ sọ́kìsì ni mo ti rí ọ̀bẹ tuntun yẹn. Àyà mi já. Lóòótọ́, láti ọdún 2017, ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 12 lọ kí òfin Georgia tó kà á mọ́ ohun ìjà téèyàn ń gbé kiri. Àmọ́ tó bá ti di ọgbà ilé ìwé, bọ́ọ̀sì tàbí ayẹyẹ ilé ìwé, ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ tó íǹṣì 2 péré ti di ohun ìjà. Wọ́n lè lé ọmọ nílé ìwé, wọ́n lè pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì jáde, ẹ mọ ohun tí ẹjọ́ ọ̀daràn lè dá sílẹ̀. Ẹ má mú un lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n náà o. Tẹ́ ẹ bá ń wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kó wà, nínú àkọ̀ rẹ̀.

Ọ̀bẹ náà ti wà nínú àpótí ní gáréèjì báyìí, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá wọn ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó ní òun ò fọkàn tán èmi náà mọ́, láti ọjọ́ tí mo ti ba ọ̀bẹ ẹran òun jẹ́.