Ìdíje Tí Àwọn Olùdíje Fúnra Wọn Ń Máàkì

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì wa, gbogbo wa la mọ géèmù gbá. Àmọ́ ta ló lè ṣe géèmù tuntun láàárín ọjọ́ méjì? Ìdíje kan wà fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Ludum Dare. Ọdún 2002 ló bẹ̀rẹ̀.

Àwọn olùdíje á kọ́kọ́ dìbò yan àkòrí. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, aago bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wákàtí 48 ni ẹni tó bá dá ṣe ní. Òun ló máa ya àwòrán, òun ló máa kọ kóòdù, ó sì gbọ́dọ̀ fi kóòdù náà han gbogbo èèyàn. Àwọn tó bá kóra jọ ní wákàtí 72.

Ta ló wá ń máàkì? Àwọn olùdíje náà ni! Géèmù tí àwọn tó máàkì rẹ̀ kò bá pọ̀ tó kì í gba ipò, ẹni tó bá sì ń máàkì fún ẹlòmíì ni tiẹ̀ ń tètè hàn. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún.

Kò sówó níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Síbẹ̀, Markus Persson tó ṣe Minecraft wọ̀ ọ́ ní 2011, ó sì ṣe Minicraft. Ó ti lókìkí nígbà náà, àmọ́ wákàtí 48 kan náà ni wọ́n fún un.

Níbi tí wọ́n bá ti ń ka àtẹ́wọ́, ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀ ló ń borí. Ṣé a ò lè gbìyànjú ọ̀nà yìí fún ìdíje àwòrán wa?