Owó Iná: Ẹni Tó Ń Dá A Lé Wa àti Ibi Tí A Ti Lè Fọhùn

Ẹni tó bá ti gbé inú ilé tí kò ní mítà rí mọ ìró àkàbà. Wọ́n á gbé e ti òpó, ọmọkùnrin tó fi páláyà sápò á gun òkè, wáyà á já wálẹ̀ sórí koríko, ariwo á sì ta. Ìyá tó ní ẹja nínú fírísà á máa bẹ̀bẹ̀, bàbá onílé á máa bínú, ẹni tó di ẹsẹ̀ àkàbà mú á ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Òótọ́ ló sọ. Òun kọ́ ló dá owó náà lé wa, kì í sì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì àdúgbò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Abuja nìkan ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí iye tí a ó máa san lórí iná, òfin sì ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó fi ìlànà owó náà lélẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kọ sínú àlámànàkì ọdún yìí.

Ní ọjà, bí aláta kan bá gbówó lé ata rẹ̀ jù, a ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Iná kò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ àdúgbò, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni ín. Ẹni tí kò bá rà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tàbí àtùpà ló kù fún un. Nítorí èyí ni ìjọba fi ń fi àjọ kan sáàárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, kí olówó má baà fi ojú ẹni tí kò níbòmíràn láti lọ gbolẹ̀.

Irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ yìí. Láti 1896 tí iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó, ọwọ́ ìjọba ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà fún ìgbà pípẹ́. Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. NEPA ló ń ṣe iná, òun ló ń gbé e káàkiri, òun ló ń tà á, kò sì sí ẹlòmíràn tí èèyàn lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Orúkọ yẹn ti wọ̀ wá lára débi pé títí dòní, bí iná bá dé, “Up NEPA!” làwọn ọmọdé ń pariwo, bẹ́ẹ̀ NEPA ti kógbá wọlé tipẹ́. Òfin iná tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2005 ló tú u ká, òun náà ló sì bí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná. Àjọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, kọmíṣọ́nnà méje ló sì wà fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná lé aládàáni lọ́wọ́. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn. Ìkẹjà àti Èkó pín ìpínlẹ̀ Èkó mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Kwara. Òndó àti Èkìtì bọ́ sọ́dọ̀ ti Benin, àfi apá kan Èkìtì tó wà lábẹ́ Ìbàdàn.

Iṣẹ́ NERC pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kan àpò wa jù ni owó iná. Láti 2008 ló ti ń lo ìlànà ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní MYTO. Wọ́n á ka owó gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe iná, wọ́n á ka owó tí iná fi ń rin ọ̀nà jíjìn lórí àwọn wáyà ńlá tí wọ́n ń ṣọ́ láti Òṣogbo, wọ́n á ka ìnáwó àwọn apínná, wọ́n á sì ka iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n jí àti èyí tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé gáàsì, nítorí náà bí náírà bá ti ṣubú, owó iná ti gbéra nìyẹn.

Òfin ní kí NERC tó fọwọ́ sí irú ìlànà ìṣirò bẹ́ẹ̀, kó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba àti nínú ìwé ìròyìn tí tẹrú-tọmọ ń kà, kó sì dá ọjọ́ tí ẹni tó bá ní àtakò lè fi kọ̀wé wá. Wọ́n tún máa ń ṣe ìpàdé ìta gbangba. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí owó lọ sókè á wá sọ tẹnu rẹ̀, á kó ìwé ìnáwó rẹ̀ kalẹ̀, ará ìlú á sì bi í léèrè. Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ lọ́yà kó tó lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Télọ̀ lè sọ̀rọ̀, aláta lè sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílé lè rán aṣojú. Ìwé ni kọmíṣọ́nnà ń rí ní Abuja. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tirafọ́mà ló mọ iye ìgbà tó jó lọ́dún àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi pa á tì.

Ohun kan wà tó yẹ ká mọ̀ níbẹ̀. Oríṣi àtúnṣe owó méjì ló wà. Àtúnṣe ńlá, níbi tí wọ́n ti ń yẹ gbogbo ìṣirò wò láti ìpìlẹ̀, ni ìpàdé àti àtakò wà fún. Àtúnṣe kékeré kàn ń wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là, owó gáàsì, iye iná tó jáde àti bí ọjà ṣe ń gbówó lórí, kì í sì í dúró de ìpàdé kankan. Ibẹ̀ ló ti máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn lójijì. Wọ́n á ní ẹnikẹ́ni kò bi àwọn léèrè, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n bi wá ti kọjá, a kò sì sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àjọ náà pẹ̀lú lè ṣẹ̀, ẹjọ́ Toluwani Adebiyi sì jẹ́rìí sí i. Agbẹjọ́rò ni, ó pe NERC lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó pé kí wọ́n má fi kún owó iná. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2015, ilé ẹjọ́ ní kí gbogbo nǹkan ṣì wà bó ṣe wà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2016, owó tuntun bẹ̀rẹ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ní ó fi lé. Àwọn òṣìṣẹ́ tú sí ìgboro lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù keje, Adájọ́ Mohammed Idris dájọ́ pé àfikún náà lòdì sófin: NERC kò tẹ̀lé ìlànà tí òfin iná là sílẹ̀, ó sì tẹ àṣẹ ilé ẹjọ́ lójú. Ó ní kí wọ́n dá owó padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì san ₦50,000 fún agbẹjọ́rò náà. NERC pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ka ìdájọ́ yẹn sí pàtàkì nítorí pé kò dá lórí bóyá owó náà pọ̀ tàbí ó kéré. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ni adájọ́ yẹ̀ wò.

Ká má sì gbàgbé èyí: owó oṣooṣù tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ wa yálà iná wà tàbí kò sí, tí àwọn èèyàn ti ń pariwo lé lórí fún ọdún púpọ̀, inú àṣẹ 2016 yẹn náà ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ariwo tó bá dé etí ibi tó yẹ a máa ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, NERC pín wa sí ìsọ̀rí márùn-ún. Band A ni ẹni tó gbọ́dọ̀ rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B wákàtí 16, C 12, D 8, E 4. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, Musiliu Oseni, igbákejì alága NERC nígbà náà, kéde pé yúníìtì kan fún Band A ti kúrò ní ₦68, ó di ₦225. Kí oṣù karùn-ún tó tó ọ̀sẹ̀ kan, ó rọ̀ sí ₦206.80 nítorí náírà gbéra díẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ dí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì NERC ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Àmọ́ àṣẹ kan náà tó gbé owó sókè fún ẹni tó ń san án ní ohun ìjà: bí fídà Band A, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọ àdúgbò, kò bá fúnni ní wákàtí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì léra, ilé-iṣẹ́ apínná gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tó lù. Bó bá di ọjọ́ méje, fídà náà gbọ́dọ̀ já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀, kí owó rẹ̀ náà sì wálẹ̀. Ní oṣù kẹrin yẹn kan náà, NERC bu owó ìtanràn ₦200 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ apínná Abuja, torí ó gba owó Band A lọ́wọ́ àwọn tí kò sí ní Band A. Ṣáájú ìyẹn, ó ti já ₦10.5 bílíọ̀nù gbà lára owó gbogbo àwọn apínná mọ́kànlá, nítorí bíìlì àfojúdá tó kọjá iye tí òfin fàyè gbà láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ní ọdún tí ilé wa kò tíì ní mítà, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò wa gbé bíìlì kan wá tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti oṣù tó ṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ tirafọ́mà wa ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù náà. Ìjà ni mo fẹ́ lọ jà. Bàbá kan ládùúgbò wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n jókòó. Ó mú bírò, ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan: nọ́ńbà àkáǹtì, oṣù tí bíìlì wà fún, ọjọ́ tí tirafọ́mà bàjẹ́ àti ọjọ́ tó padà, iye tí a san gbẹ̀yìn tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Ó ní kí n ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára tèmi. Akọ̀wé ọ́fíìsì náà kọ́kọ́ kọ̀. Mo dúró títí tó fi lù ú. Nígbà tí àkàbà dé lóṣù kejì, ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni mo fi hàn wọ́n. Wọ́n kà á, wọ́n pe ẹnìkan lórí fóònù, wọ́n sì gbé àkàbà wọn lọ.

Bàbá náà kò ṣe oògùn. NERC fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ẹ̀tọ́ oníbàárà pé ẹni tí kò ní mítà, tó sì ń jiyàn bíìlì àfojúdá, lè san iye tó san gbẹ̀yìn tí kò jiyàn lé, títí wọ́n á fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé a gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní ìwé kí a tó já iná rẹ̀, àti pé kì í ṣe iṣẹ́ ará àdúgbò láti ra tirafọ́mà tàbí òpó iná. Mélòó nínú wa ni kò tíì dáwó tirafọ́mà rí? Ọ́fíìsì apínná ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá yanjú rẹ̀, ó di ọ́fíìsì tí NERC yà sọ́tọ̀ fún ẹjọ́ oníbàárà. Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn kọmíṣọ́nnà fúnra wọn.

Ilẹ̀kùn tí a ó kàn ti ń yí padà o. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa tó fún ìpínlẹ̀ lágbára lórí iná, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì fọwọ́ sí òfin iná tuntun ní oṣù kẹfà. Láti 2024 ni NERC ti ń gbé àkóso lé àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ṣe òfin tiwọn lọ́wọ́. Èkìtì àti Òndó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn náà sì tẹ̀lé wọn. Iná tó bá ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní Ẹnúgu, àjọ ìpínlẹ̀ náà tún ìṣirò wò ní ọdún 2025, ó sì sọ owó Band A kalẹ̀ láti nǹkan bí ₦209 sí nǹkan bí ₦160. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Ẹni tí kò lè wọkọ̀ lọ sí Abuja lè wọ ọkọ̀ dé olú-ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun wọlé ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ ni kó mú dání: bíìlì oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀, àti iye wákàtí tí iná fi wà lójoojúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Olùkọ́ àdúgbò wa ń kọ tirẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà, bírò pupa fún ìgbà tí iná lọ, búlúù fún ìgbà tó dé.