Nígbà Tí Bébà Ìnudí Bá Di Ohun Tí Ara Ọmọ Kọ̀



Ìyá àgbà kan tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ìyá ọmọ náà ti kú, gbé ọmọ ọ̀hún wá bá wa. Ìdí ọmọ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, awọ ibẹ̀ ti bó, ara sì sú yí ẹnu rẹ̀ ká pẹ̀lú. Àwọn kan pè é ní kúrúnà, àwọn kan pè é ní làpálàpá, ẹnìkan tilẹ̀ ní ooru ni. Ìpara mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màmá ti rà. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwa gan-an la fún un ní páálí wáìpù, ìyẹn bébà tútù tí a fi ń nu ọmọ, tó ń fi nu ọmọ náà lẹ́nu àti nídìí lójoojúmọ́. Ìgbà tó fi í sílẹ̀, tó padà sí omi, ni ara ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi irú páálí bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, nítorí náà ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Bébà fúnra rẹ̀, tí í ṣe igi tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì tẹ̀ pẹlẹbẹ, kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni bébà fi ń ṣe awọ ara. Ọ̀kan ni gbígbẹ. Ẹni tó ń ṣí fáìlì, tó ń ka owó, tó ń kó páálí láti àárọ̀ di alẹ́, bébà á máa fa ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, awọ á gbẹ, á sì máa là. Èyí kì í ṣe àlẹ́jì, ó lè ṣe ẹnikẹ́ni tó bá pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpara tí kò ní òórùn sì máa ń tù ú lára. Àlẹ́jì ni èkejì. Ata ń ta gbogbo ojú tó bá kàn, ṣùgbọ́n àlẹ́jì a máa ṣa ẹni tó ń mú. Ọmọ méjì lè jọ máa lo bébà kan náà, kí ara ọ̀kan máa dán, kí ìkejì máa họ ara títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ara kì í kọ nǹkan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ dá a mọ̀ ná, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó tún lè gba ọdún púpọ̀. Bí ó bá ti wá mọ̀ ọ́n ní ọ̀tá, kì í sábà gbàgbé mọ́. Síbẹ̀, kì í fèsì lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ẹni tó fara kàn án lọ́jọ́ Àtìní lè máà rí nǹkan kan títí di Àlàrùbá, ẹja tó jẹ lálẹ́ Àtàlátà ni yóò sì máa dá lẹ́bi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Kí ló wà nínú bébà wọ̀nyí? Wọ́n máa ń fi oje igi páìnì sí oríṣi bébà kan kí tádàwà má baà ràn káàkiri lórí rẹ̀. Irú oje yìí wà nínú gọ́ọ̀mù pílásítà kan tí a ń lẹ̀ mọ́ egbò pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹni tí pílásítà máa ń sú lára kíyè sí i. Lọ́fínńdà wà nínú tíṣù olóòórùn dídùn. Ní ti wáìpù, omi inú rẹ̀ á bàjẹ́ bí wọn kò bá fi èròjà kan sí i láti dáàbò bò ó. Ọ̀kan nínú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ ni methylisothiazolinone. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ yìí síwèé bó ti gùn tó, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe rí i lẹ́yìn ọ̀rá.

Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara kan ní Amẹ́ríkà, American Contact Dermatitis Society, yàn án gẹ́gẹ́ bí ohun àlẹ́jì ọdún náà. Ní 2014, àwọn dókítà ní Connecticut kọ nípa ọmọ 6 tí wáìpù fa irú àìsàn yìí fún. Wọ́n ti pe tiwọn náà ní oríṣiríṣi orúkọ àìsàn kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á, ara wọn sì yá nígbà tí wọ́n pa wáìpù tì. Láti oṣù kejì 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù ti fòfin de èròjà yìí nínú ohun ìpara tí a kì í fi omi ṣàn kúrò lára, wáìpù sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣì lè wà nínú ọṣẹ olómi, ó sì wà nínú ọ̀dà ògiri. Ẹni tó ní àlẹ́jì rẹ̀ lè wọ yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn kí ojú rẹ̀ wú.

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ̀bi dájú, dókítà awọ ara ló ní ọ̀nà rẹ̀, èyí tí Josef Jadassohn ti fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti 1895. Wọ́n á lẹ díẹ̀díẹ̀ àwọn èròjà náà mọ́ ẹ̀yìn ènìyàn, wọ́n á ṣí i lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì sí i. Ibi tó bá pọ́n ni ìdáhùn.

Ẹ má ṣe fi ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà lójú ọjà sídìí ọmọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní oògùn sítẹ́rọ́ìdì líle nínú. Ó lè dá ẹ̀yún náà dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì máa sọ awọ ọmọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ òwú rírọ̀ tó, kí ẹ rọra tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi fasilíìnì tí kò ní lọ́fínńdà pa á. Àwa tí búútà wà nílé wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ó yà wá lẹ́nu pé a gbàgbé omi kíákíá bẹ́ẹ̀. Bí ara náà bá ń ṣomi tàbí tó kẹ̀, tàbí tí ibà bá dé sí i, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù.

Ní ti ẹrù tó wà ní yàrá ìkẹ́rùsí wa, a ti ń ka ẹ̀yìn ọ̀rá wáìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ti ya èyí tó ní èròjà yẹn sọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó tí ẹ fẹ́ fi páálí ránṣẹ́, ẹ bá wa ka ẹ̀yìn ọ̀rá kí ẹ tó rà á, tàbí kí ẹ kúkú fi aṣọ òwú kéékèèké àti fasilíìnì rọ́pò rẹ̀.