Bí èèyàn ṣe lè sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì ńlá ní Accra láì ná owó rẹpẹtẹ

Ẹni tó bá dúró sí Kwame Nkrumah Circle nílùú Accra kò jìnnà sí òkun rárá. Nítorí náà, tó bá wù ú láti máa sin ẹja òkun sínú àpótí gíláàsì nílé, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé omi kọ́ ni ìṣòro, ọ̀fẹ́ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni owó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfò. Odò Odaw tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Circle kọjá ń kó ìdọ̀tí ìgboro lọ sínú ọ̀sà Korle, ọ̀sà náà sì ń tú u sínú òkun. Omi òkun tó sún mọ́ Circle jù lọ ni kò yẹ kéèyàn pọn fún ẹja.

Ọ̀rọ̀ ìṣúná owó lórí ẹja òkun kò ju ìyẹn lọ: kéèyàn mọ ibi tó ti lè fowó pamọ́, àti ibi tó jẹ́ pé tó bá ṣahun, ẹja ni yóò kú.

Kí ló dé tí ńlá fi sàn ju kékeré?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀ fi kékeré bẹ̀rẹ̀. Ti ẹja òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹja kan bá kú sínú omi lítà 40 lóru, ó ṣeé ṣe kí májèlé ara rẹ̀ ti pa àwọn yòókù kílẹ̀ tó mọ́. Nínú lítà 400, májèlé náà yóò là mọ́ omi, ẹni tó ni ín yóò sì ráyè ṣe nǹkan sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ooru àti iyọ̀: omi tó pọ̀ kì í tètè yí padà.

Àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tó sì ga ní 60 ló ń gba bíi lítà 400. Omi nìkan nínú rẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ lọ, kí wọ́n tó ka gíláàsì, yanrìn àti òkúta mọ́ ọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló yẹ kó wà, kì í ṣe yàrá òkè tí wọ́n fi pákó tẹ́. Irin tí wẹ́dà jó pọ̀ lè gbé e dáadáa, kò sì ní wọ́n tó kọ́bọ́ọ̀dù olówó iyebíye.

Kò sóhun tó burú nínú gíláàsì àlòkù, tí kò bá ti tín-ín-rín ju mìlímítà 10 lọ fún gíga yìí. Mìlímítà 12 ló ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ jù. Kí wọ́n pọn omi kún un níta fún odindi ọ̀sẹ̀ kan láti wò ó bóyá ó ń jò. Sílíkóònù tí wọ́n bá fi lẹ̀ ẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n po oògùn ebu mọ́, tí wọ́n ń lò ní ilé ìwẹ̀.

Accra tún fúnni ní ẹ̀dínwó kan tí ará London kò ní: kò sídìí láti ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ooru gan-an ni ọ̀tá níbí, fáànù kékeré tó ń fẹ́ sórí omi sì lè dín in kù. Tó bá jẹ́ ẹja nìkan ni wọ́n fẹ́ sìn, iná LED lásán ti tó. Iyùn tó wà láàyè ló ń béèrè iná olówó ńlá, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Omi, iyọ̀ àti sùúrù

Lítà 400 jẹ́ kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìndínlógún, irú kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará Ghana ń pè ní "Kufuor gallon". Ẹni tó bá fẹ́ omi òkun gidi yóò ní láti jìnnà sí Korle, bíi apá Prampram tàbí Kokrobite, kó yẹra fún ẹnu odò àti ojú gọ́tà, kó má sì lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru láti ìsàlẹ̀ òkun sókè létíkun Ghana, nítorí náà kí omi tí wọ́n bá pọn nígbà náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan ẹja.

Ẹni tí kò lè rin ìrìn yẹn lè ra iyọ̀ tí wọ́n pò fún ẹja òkun. Lítà kan ń gba bíi gíráàmù 35, ìyẹn kílò 14 fún gbogbo àpótí. Iyọ̀ Songor láti Ada dùn lọ́bẹ̀, àmọ́ kò lè sọ omi ẹ̀rọ di omi òkun, torí magnesium, calcium àtàwọn èròjà mìíràn tí ẹja nílò kò tó nínú rẹ̀. Ìpadàrọ́ sì wà fún ẹni tó bá fi omi iyọ̀ dí èyí tí oòrùn fà lọ: iyọ̀ kì í bá omi fò lọ, omi lásán ni wọ́n ń fi dí i.

Lẹ́yìn èyí, sùúrù ló kù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di ammonia, tó jẹ́ májèlé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, májèlé ṣì ni, àwọn mìíràn á wá sọ ìyẹn di nitrate, tí ara ẹja lè gbà díẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó. Edé tútù kan tí wọ́n jù sínú omi kó jẹrà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ ammonia wò àti èyí tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ ni kò yẹ kéèyàn ṣahun sí. Ẹja kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí ammonia àti nitrite yóò fi di òdo.

Tí "dumsor" bá dé ńkọ́?

Ghana mọ dumsor dáadáa, pàápàá láàárín ọdún 2012 sí 2015. Tí iná bá lọ, páǹpù á dúró, ọ́síjìn inú omi á sì máa dín kù, omi tó gbóná sì rèé, kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sin ohun ẹlẹ́mìí inú òkun kí iná mànàmáná tó wọlé. Lọ́dún 1846, Anna Thynne kó iyùn tó wà láàyè láti Torquay lọ sí London. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ló ń bu omi náà, tó sì ń dà á padà lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Kóroóbá àti ọwọ́ ṣì lè ṣe iṣẹ́ yẹn lóru dumsor, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páǹpù atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ro èèyàn. Ní Indonesia, tí ooru ibẹ̀ jọ ti Accra, Lee Chin Eng ṣàlàyé lọ́dún 1961 bó ṣe ń fi omi òkun, òkúta inú òkun, oòrùn àti atẹ́gùn lásán sin ẹja, láìsí ẹ̀rọ ńlá kankan.

Tí iná bá wà, kí wáyà páǹpù rọ̀ wálẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ inú rẹ̀, kí omi má bàa tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Omi iyọ̀ ń gbé iná ju omi lásán lọ.

Ẹja wo ló yẹ?

Ẹja inú fíìmù Finding Nemo kì í ṣe ẹja Atlantic, Òkun Íńdíà àti Pacific ló ti wá. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ béèrè èyí tí wọ́n bí sínú àpótí, torí wọ́n máa ń fi májèlé cyanide mú ẹja mìíràn lójú òkun ní Éṣíà, ó sì lè kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Létíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Abudefduf saxatilis wà, ẹja kékeré tó ní ìlà dúdú márùn-ún bí ẹni kọ ilà. Ara rẹ̀ le, àmọ́ oníjà ni.

Ẹja kan tàbí méjì ti tó fún oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ bíi lítà 40 lọ́sẹ̀. Kí èèyàn ní kí ẹni tó ń tà á fún un lóúnjẹ lójú òun kó tó sanwó. Tó bá sì sú u lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, kó wá ẹlòmíràn fún, kó má lọ da ẹja ilẹ̀ òkèèrè sínú òkun Accra.