Ṣé o mọ̀? Igi ápù náà ń wo jẹ́nótáìpù

Ṣé o mọ̀ pé igi ápù kan ṣoṣo lè tanná títí ewé ò fi ní hàn mọ́, kí oyin máa kùn lórí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kó má sì so ju mẹ́ta mẹ́rin lọ? Àìsàn kọ́. Ayé kọ́. Igi náà kò gba àtíkè ara rẹ̀ ni. Àtíkè ni mo pe ìyẹ̀fun wínníwínní tó máa ń lẹ̀ mọ́ni nímú béèyàn bá gbóòórùn òdòdó. Ó gbọ́dọ̀ kúrò lára akọ òdòdó, kó dé ẹnu abo, kí èso tó wà. Ti ápù wá le díẹ̀ sí i: àtíkè náà gbọ́dọ̀ ti orí igi mìíràn wá, igi ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ápù mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà S ló ń dá ẹjọ́ yìí? Àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà, a mọ S dáadáa. AS bá AS pàdé, wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ojú, ìwé àyẹ̀wò dé, ẹkún sọ. S ti ápù kò bá ti inú ẹ̀jẹ̀ wa tan rárá o, orúkọ lásán ló jọra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣírò jẹ́nótáìpù rí máa yára mọ ti ápù. Igi kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní S méjì. Cox's Orange Pippin, ápù tí ọ̀gbẹ́ni Richard Cox gbìn ní Colnbrook nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1825, ní S5 àti S9. Hóró àtíkè kọ̀ọ̀kan máa ń gbé ẹyọ kan péré dání. Bó bá bà lé ẹnu òdòdó, á yọ okùn tín-ín-rín kan, okùn náà á máa gba ọ̀fun òdòdó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹyin. Bí S tó gbé bá dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kan nínú méjì tí òdòdó ní, oje kan wà nínú ọ̀fun yẹn tó máa pa okùn náà sójú ọ̀nà. Kò ní délé.

Ó yá, ká ṣírò. Gala ní S2 àti S5. Gbé àtíkè Gala fún Cox: èyí tó gbé S5, Cox á lé e, èyí tó gbé S2 á wọlé. Ìdajì ni. Ìdajì sì tó. Wàyí o, gbé ti Kidd's Orange Red fún Cox kan náà. Kidd's ní S5 àti S9, ó rí Cox rẹ́gí. Wọ́n lè tanná lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ̀ka wọn máa gbá ara wọn lójú, asán ni.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ bíbí inú Cox ni Kidd's? Ará New Zealand kan, J. H. Kidd, ló fi Cox pọ̀ mọ́ Delicious tó fi rí i. Ó tún mú Kidd's yìí, ó fi pọ̀ mọ́ Golden Delicious, èyí ló bí Gala. Ìyẹn ni pé Cox tó ń gba àtíkè Gala yẹn, òbí àgbà Gala ni. Lọ́dọ̀ tiwa, èèwọ̀ ni. Ápù ò mọ ìyẹn, S nìkan ló ń wò.

Ṣé o mọ̀ pé Gala àti Royal Gala kì í ṣe igi méjì níwájú òfin yìí? Ẹ̀ka Gala kan ló pọ́n ju àwọn tó kù lọ, ni wọ́n bá gé e, wọ́n sì fún un lórúkọ. Aṣọ ló pàrọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo igi Bramley láyé, igi kan ni? Ní ọdún 1809, ní ìlú Southwell ní Nottinghamshire, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ann Brailsford gbin kóró ápù. Igi hù. Nígbà tó yá, ilé náà di ti apẹran kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley. Ní 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Henry Merryweather, rí èso rẹ̀, ó tọrọ ẹ̀ka kó lè máa fi pọ̀ ọ́n tà. Bramley ní kò burú, kìkì pé orúkọ òun ni kó máa jẹ́. Mary Ann tó gbìn ín ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. (Bí ó bá jẹ́ èmi, Brailsford ni mo máa fi pè é.) Láti ìgbà náà, ẹ̀ka ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn, nítorí kóró ápù kì í bí ara rẹ̀: gbin kóró Bramley, nǹkan mìíràn ni o máa rí. Nítorí náà, ẹni tó gbin Bramley méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò tíì gbin ju ẹyọ kan lọ.

Bramley tún ní ìwà kejì. Krómósóòmù 34 ni ọ̀pọ̀ ápù ní; 51 ni tirẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta dípò méjì. Kò ṣeé pín sọ́nà méjì tó gún, àtíkè rẹ̀ ò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbà, kì í fúnni. Gbin Bramley àti Cox: Cox fún Bramley, ó dára, ta ni yóò fún Cox? Àfi kó o wá ẹ̀kẹta, James Grieve fún àpẹẹrẹ, táwọn méjèèjì á máa fún ara wọn, tí wọ́n á sì jọ máa bọ́ ahun náà. Jonagold, Blenheim Orange àti Ribston Pippin ń hu irú ìwà kan náà. Béèrè kó o tó sanwó.

S bára mu tán, àsìkò ńkọ́? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni ápù ń tanná, àwọn tó ń ta igi sì pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tètè tanná sí. Egremont Russet wà ní ẹgbẹ́ kejì, Cox ní ìkẹta. Ẹgbẹ́ kan náà dára jù, ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e náà ṣì lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ápù àtijọ́ kan wà, Court Pendu Plat, tó máa ń pẹ́ gan-an kó tó tanná. Ọlọ́gbọ́n ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, torí pé ó máa ń jẹ́ kí òtútù tó ń pa òdòdó kọjá lọ ná. Ọgbọ́n yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni tó dé ìdí ọjà nígbà tí ọjà ti tú.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ò wúlò níbí? Afẹ́fẹ́ lè ṣe ti àgbàdo. Àtíkè ápù wúwo, ó ń lẹ̀, kòkòrò ló gbọ́dọ̀ gbé e. Bí ojú ọjọ́ bá tutù ju bí ìwọ̀n 10 tàbí 12 Celsius lọ, oyin inú ilé oyin kì í fẹ́ jáde. Àwọn oyin ńlá onírun gàgà, tí ariwo wọn ju ara wọn lọ, ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Má sì jẹ́ kí igi méjèèjì jìnnà síra ju bíi mítà 18 lọ.

Mú ápù kan wá nísinsìnyí, má là á láti orí dé ìdí, dá a sí méjì láti àárín. Wàá rí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu márùn-ún. Yàrá márùn-ún ni, kóró méjì sì sábà máa ń wà fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ka kóró tó gbó dáadáa. Bó bá pé mẹ́wàá tàbí kó kù díẹ̀, àtíkè tó. Bí yàrá ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣófo, wo ẹ̀yìn èso náà, ó lè ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, torí pé kóró ló ń pe ẹran ara èso kó wá kún.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ kíkan kì í mú kí èso ìyàwó kan? Kóró nìkan ni àtíkè ń yí padà. Ẹran tá à ń jẹ, ti ìyá ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóko fi ń gbin crab apple, ápù wínníwínní tó kan lẹ́nu bí ọtí kíkan, sáàárín oko wọn. Òdòdó rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rẹ̀.

Má rò pé ápù nìkan ló ń ṣe sàkùsákù yìí. Obì náà ń ṣe é: igi obì lè kọ àtíkè ara rẹ̀, kó tún kọ ti aládùúgbò, ọ̀kan lára ìdí tí àwọn kan fi ń tanná tí wọn kì í so nìyẹn. Iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, ti ń bá ọ̀rọ̀ yẹn fà á tipẹ́. Ọ̀pọ̀ igi kòkó náà rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó kéré ju yànmùyánmú lọ ló ń ṣe alárinà wọn.

Ilẹ̀ olóoru ńkọ́? Ápù nílò òtútù kó tó jí, ṣùgbọ́n Anna, tí wọ́n mú jáde ní Ísírẹ́lì, ń fara mọ́ òtútù díẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Dorset Golden, tí wọ́n rí ní Bahamas. Àwọn méjèèjì ni àwọn àgbẹ̀ ń gbìn lórí òkè Kabale ní Uganda.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé Kent ní Cox kan lẹ́yìnkùlé. Ọdọọdún ló ń so, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè pé ta ni ọkọ. Ọdún kan, aládùúgbò rẹ̀ gé crab apple tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Cox tanná kẹ́kẹ́, ó so méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti ń gbàdúrà sí i lórí. Mo ní kó lọ tọrọ ẹ̀ka crab apple tó ń tanná lọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó bá ní, kó kì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, kó fi okùn so bọ́kẹ́ẹ̀tì náà rọ̀ sára Cox, lápá ibi tí oòrùn ti ń là, kó máa bu omi sí i. Ó fi mí rẹ́rìn-ín tó. Ní oṣù kẹsàn-án ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ẹ̀ka Cox tí wọ́n fi igi tì kó má baà ya, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ápù ló kún inú rẹ̀.