Ganvié

Ganvié jẹ́ ìlú kan tí a kọ́ sórí omi adágún Nokoué, ní àríwá ìlú Cotonou, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sô-Ava ni ó wà. Àwọn Tofinu ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó. Èdè wọn, Tofin, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè Gbe, ìyẹn ìdílé èdè tí Ègùn àti Fọ̀n náà wà.

Ìtàn

Òwò ẹrú ni ó lé àwọn ènìyàn wọnú omi. Láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àwọn kan láti agbègbè Allada bẹ̀rẹ̀ sí í sá wá sí adágún náà. Dahomey ṣẹ́gun Allada ní ọdún 1724, ó sì gba Ouidah ní ọdún 1727. Ní èbúté Ouidah ni a ti ń ta àwọn tí a bá kó lẹ́rú fún àwọn òyìnbó, nítorí náà ẹni tí ó bá wà lórí ilẹ̀ nítòsí kò lè sùn kí ó di ojú méjèèjì.

Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé èèwọ̀ ẹ̀sìn ni ó jẹ́ fún àwọn jagunjagun Dahomey láti bá ènìyàn jà lórí omi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun orí ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jà, wọn kò sì mọ ọkọ̀ wà tó àwọn apẹja. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Tofinu ní tirẹ̀ sọ pé olórí wọn di lékeléke láti fò wá ibi ààbò, lẹ́yìn náà ó di ọ̀nì láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ débẹ̀. A máa ń túmọ̀ orúkọ Ganvié sí "àwùjọ àwọn tí a gbà là".

Iṣẹ́ ẹja

Àwọn ọkùnrin ń pẹja, àwọn obìnrin sì ń tà á. Inú ọkọ̀ ni ọjà pàápàá ti ń wáyé. Ọ̀nà ìpẹja tí adágún náà fi lókìkí ni acadja. Apẹja á gún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka igi sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, bí ẹni dá ọgbà. Bí igi náà ti ń jẹrà ni oúnjẹ ẹja ń hù lára rẹ̀, tí ẹja sì ń sá sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń bí sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó fi àwọ̀n yí i ká, a ó yọ igi, a ó sì kó ẹja. Ó ní olówó rẹ̀, kì í ṣe ti gbogbo ìlú, èyí sì ti dá aáwọ̀ sílẹ̀ rí. Igi tí ó ń jẹrà náà sì ń mú kí omi máa dí.

Iye ènìyàn

Ọ̀pọ̀ ìwé sọ pé àwọn olùgbé Ganvié tó 20,000 sí 30,000. Iye náà yàtọ̀ síra nítorí pé àdúgbò ìṣàkóso méjì, Ganvié I àti Ganvié II, ni ìjọba pín ìlú náà sí, àwọn òǹkọ̀wé kan sì ń ka àwọn abúlé orí omi tí ó yí i ká mọ́ ọn. Ìkànìyàn ọdún 2013 rí ènìyàn tí ó lé ní 118,000 ní gbogbo Sô-Ava.

Omi adágún náà

Ní ọdún 1885, àwọn Faransé gbẹ́ ojú omi kan ní Cotonou tí ó so adágún náà pọ̀ mọ́ òkun. Láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ ti ń wọlé ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdọ̀tí ìlú náà sì ń dà sínú omi kan náà, nítorí náà omi yí ilé ká, síbẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni a fi ń ra èyí tí a ó mu. Láti ọdún 1996 ni Benin ti fi Ganvié sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ohun àjogúnbá àgbáyé.